Bíréèkì Oníbọ́tìnì: Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tuntun

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí, èyí tí àwa Yorùbá tó ń gbé ní Àbújá ń retí bí àwọn ará ilé ṣe ń retí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé jẹ mọ́ owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò láìnídìí, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn pẹ̀lú. Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe ní Kúgbò. Láti ìgbà tí ọkọ̀ tó ń fi bọ́tìnì fa bíréèkì ọwọ́ ti pọ̀ nílùú yìí ni mo ti ń rí i pé, bí iná bíréèkì náà bá ti tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà ni pé kí ó lọ ra ẹ̀rọ kálípà tuntun (kálípà ni irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ díìsì táyà), nígbà tó jẹ́ pé wáyà tó ti dógùn-ún ló fa gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

BMW wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi bọ́tìnì rọ́pò bíréèkì tí a ń fi ọwọ́ fà sókè, nínú ọkọ̀ 7 Series ti ọdún 2001. Lónìí, Camry àti Accord ti ọdún 2018 tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà ní i. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára kálípà táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, wáyà méjì tó nípọn ló sì lọ bá a. Ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní brain box, máa ń gbé iná gba apá kan láti fún páàdì mọ́ díìsì, bí awakọ̀ bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, yóò yí iná náà padà. Ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń fà ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé páàdì ti fún tó: bí ó ṣe ń le sí i ni iná tó ń fà ń pọ̀ sí i, ó sì lè dé ámpù 15 kí ó tó dúró.

Níbẹ̀ gan-an ni wáyà tó dógùn-ún ti ń tan oníṣẹ́ jẹ. Bí ìdènà inú wáyà bá jẹ́ óòmù 0.2 péré, tí ẹ̀rọ sì fẹ́ fa ámpù 15, fólítì 3 ni yóò ṣòfò sójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé bátìrì tó ní fólítì 12.4 kò ní lè fi ju nǹkan bíi 9.4 ránṣẹ́ sí ìdí táyà. Ẹ̀rọ yóò máa yí tìkọ̀tìkọ̀, ìwọ̀n iná tí ọpọlọ ọkọ̀ ń retí kò ní pé, àkókò yóò sì kọjá, ni ọpọlọ yóò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ kálípà ní àbùkù. Oníṣẹ́ yóò gbé skáànì ti ọkọ̀, yóò ka ohun tí ọpọlọ kọ sílẹ̀, yóò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún wá ń mú kí àṣìṣe yìí fìdí múlẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ àtijọ́, tí wọ́n sì ki ti tuntun bọ̀ ọ́, irin tó fara kan irin ti ha ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù díẹ̀, bíréèkì yóò sì ṣiṣẹ́. Oníbàárà yóò sanwó, yóò dúpẹ́, yóò sì máa lọ. Nígbà tí òjò bá tún rọ̀, iná ọjọ́sí yóò tàn padà, ẹ̀rọ tuntun ni wọn yóò wá sọ pé ayédèrú ni.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni yóò mú wáyà dógùn-ún ní Àbújá, tó jìnnà sí òkun tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gba ìyà rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ yìí a sì máa ta sí abẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Ti omíyalé tún wà níbẹ̀. Ìjì Harvey ní Texas ní ọdún 2017 àti ìjì Ian ní Florida ní ọdún 2022 ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sómi, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa dé ọjà gbàǹjo. Ilé tiwa náà kò mọ́: ẹni tó bá mọ Trademore ní Lugbe, tàbí ìsàlẹ̀ Lókógómà, mọ bí omi ṣe ń ga níbẹ̀ lásìkò òjò. Lẹ́yìn òjò, eruku ọyẹ́ a tún wọ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá sì dé, eruku yẹn ni yóò di ọ̀rinrin mú síbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé omi kì í dúró sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Okùn bàbà tín-ín-rín tó pọ̀ ló wà nínú wáyà kan, wọn a sì máa fa omi lọ sínú lábẹ́ rọ́bà bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Nítorí náà, ara wáyà lè máa dán lóde, kí bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, kí ó sì ti máa rún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Àwa oníṣẹ́ náà ń dá kún un. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà wáyà láti wá iná, tó sì fi ihò náà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ti ṣílẹ̀kùn fún omi.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Bátìrì ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí kò bá tó fólítì 12 nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa, kò sí ìdánwò tó ṣeé gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń wo àwọn iná mìíràn tó bá ti bíréèkì tàn. Bí ti ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì gan-an, bá wà lára wọn, mo máa ń fura sí wáyà kíákíá, nítorí pé nínú ọkọ̀ púpọ̀, wáyà tó ń ka bí táyà ṣe ń yí àti ti ẹ̀rọ kálípà jọ wà nínú ìdì kan náà ni. Mo sì ń bi onímọ́tò bóyá ìgbà òjò, tàbí ẹ̀yìn tí wọ́n bá fi omi alágbára fọ ọkọ̀, ni ó máa ń yọnu.

Ìdánwò tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò gba ju mítà àti gílóòbù kan lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ há táyà iwájú dáadáa, kí ọkọ̀ má bàa rìn, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì nígbà tí ọwọ́ oníṣẹ́ bá wà ní ìdí kálípà. Kí wọ́n yọ wáyà ní ìdí kálípà àti ní ìdí brain box, kí ó dá dúró. Kí wọ́n so gílóòbù iná iwájú oníwáàtì 55 mọ́ ìparí wáyà náà, kí wọ́n dá ẹsẹ̀ kejì gílóòbù padà sí orí òdì bátìrì, kí wọ́n sì gbé iná bátìrì tó gba inú fíúsì kọjá wọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gílóòbù yìí yóò fa nǹkan bíi ámpù 4.5. Bí ó bá ti ń tàn, kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ wáyà àti ìkejì sí ìparí rẹ̀, kí wọ́n ka fólítì tó ń ṣòfò, kí wọ́n sì máa mi wáyà náà bí wọ́n ti ń kà á. Èyí tó dára kò sábà jẹ ju 0.1 tàbí 0.2 lọ, èyí tó ní óòmù 0.2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò jẹ nǹkan bíi 0.9. Ẹni tó bá fi óòmù mítà nìkan wọn wáyà ni yóò sọ pé ó dára, nítorí pé iná tí mítà ń lò kéré débi pé okùn bàbà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lè gbé e kọjá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ fíúsì bíréèkì yìí, tí wọ́n sì ní kí onímọ́tò máa lò ó bẹ́ẹ̀, dùn mí gan-an. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ọwọ́ kò yẹ kó dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kàtámpè tàbí Màítámà, níbi tí ọmọ ilé ìwé ń kọjá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, bí bíréèkì ẹsẹ̀ bá kùnà lójú ọ̀nà, bọ́tìnì yìí tí awakọ̀ bá fà mọ́wọ́ ni yóò dá ọkọ̀ dúró.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Kí wọ́n gé wáyà títí wọn yóò fi bá bàbà tó mọ́ tó sì pọ́n, kí wọ́n fi èyí tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, tí ooru ń mú súnkì, bo ojú ìsopọ̀, nítorí pé téèpù dúdú nìkan kò lè dá omi dúró lábẹ́ ọkọ̀. Mo ń fi àsìkò yìí bẹ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe mọ́tò, NADDC, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Àbújá, kí wọ́n fi ìdánwò yìí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀. Ní ti ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí oníṣẹ́ kọ fólítì tó bá lójú wáyà kí ó tó tún un ṣe àti èyí tó bá lẹ́yìn rẹ̀ sórí rìsíìtì yín, kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ rẹ́wáyà kan,
Kúgbò, Àbújá.