Lẹ́tà sí Màmá Ìkọ̀lé

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Níbi ìsìnkú Bàbá Ọ̀yẹ́, ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, ṣé tíṣà ni mí ni àbí eléré. Mo rẹ́rìn-ín nítorí èrò pọ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi nìyí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìmọ̀ eré orí ìtàgé, mo ń kọ eré tèmi, mo sì ń tú eré ẹlòmíràn sí Yorùbá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó sọ eré tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ di Ikú Olókùn Ẹṣin ní 1994, ń dá ọ̀rọ̀ padà sílé ni. Ní tèmi, àlejò ni mò ń gbà.

Ẹ rántí ìsinmi tí mo wá lò lọ́dọ̀ yín, tí mo jókòó ti ìwé kan fún ọjọ́ mẹ́ta láìkọ nǹkan kan? Antigone ni, eré tí Sophocles ará Gíríìkì kọ ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan, Antigone fúnra rẹ̀, fẹ́ sin ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin tí ọba ní kí ẹnikẹ́ni má sin. Ó pe obìnrin kejì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá pé kó wá ran òun lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ba ìyẹn. Sophocles kò sọ èwo nínú àwọn obìnrin méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n. Yorùbá kò sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bí n kò bá mọ ẹni tó dàgbà, n kò mọ ẹni tí yóò sọ “ẹ” àti ẹni tí yóò sọ “o”, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni eré náà sì fi bẹ̀rẹ̀. (“Arábìnrin” tí à ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò wúlò, ta ló ń pe ọmọ ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé?)

Ẹ̀wà ni ẹ̀ ń ṣà lọ́wọ́. Ẹ kò gbójú sókè tí ẹ fi ní, “Àbúrò ni yóò lọ sìnkú. Ẹ̀gbọ́n ti mọ ohun tí ọba lè ṣe.”

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Lálẹ́ tí a ṣe eré náà, nígbà tí Antigone tó ti ń sọ “ẹ” láti ìbẹ̀rẹ̀ yí padà tó sọ “o” sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo “Háà!”. Kò sí èyí nínú ti Gíríìkì.

Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà ní orúkọ lókè òkun. Dramaturg ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é. Ilé ìṣeré kan ní Hamburg, ní Jámánì, gba òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Lessing síṣẹ́ ní 1767 kó máa yẹ eré wọn wò. Dramaturg kì í darí eré. Ó ń jókòó ti olùdarí, ó ń béèrè ìdí tí ẹnì kan fi wọlé báyìí, àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì.

Ní ti eré tèmi, ẹnì kan tó bá mi tún àkọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sọ gbogbo “ulé” tí ìyá arúgbó inú rẹ̀ ń sọ, bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é, di “ilé”. Ó rò pé àṣìkọ ni. Mo dákẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìyá arúgbó sì tún wà nínú rẹ̀. Mo ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá láti wá kà á sí yín létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ará ilé pé mò ń bọ̀, n kò fẹ́ èrò.

Ọmọ yín ní Adó