Àwọ̀ ọkọ̀ mi ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ta ló ń yẹ agolo ọ̀dà wò?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ ìjọba dá mi dúró ní Ring Road, Ìbàdàn. Ó gba ìwé ọkọ̀, ó wo ìwé, ó wo ọkọ̀, ó tún padà wo ìwé. "Bàbá, sílífà ni wọ́n kọ síbí o. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú lẹ ń wà yìí." Ó ní mo pa àwọ̀ ọkọ̀ dà láìsọ fún ìjọba. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ná ₦340,000 kí sílífà tí Corolla mi bá wáyé lè padà sára rẹ̀!

Lítà ọ̀dà kan tí mo rà ní ₦14,000 lọ́dún tó kọjá ti di ₦27,000. Mẹ́rin ni pẹ́ńtà ní kí n rà, a ò tíì dé orí kílíà tí wọ́n ń fọ́n lé ọ̀dà lórí kó lè máa dán, hádénà tó ń mú un gan, àti tínà tí wọ́n fi ń là á. Mo mọ̀ pé dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọlé, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí ni pé bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè ni ọ̀dà náà ń ṣàn sí i.

Nọ́ńbà ọ̀dà, èyí tó ń sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ bá wáyé gan-an, wà lára Toyota, ó wà nídìí ilẹ̀kùn awakọ̀ níbi tí wọ́n kọ C/TR sí. Mo dà á kọ, mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Ọmọ ibẹ̀ ò tilẹ̀ wò ó. Ìdérí ẹnu táǹkì tí mo tú dání ló wò, ó da funfun, ó da dúdú díẹ̀, ó da èyí tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ó fi igi rò ó bí ẹni ro àmàlà. "Dádì, sílífà yín rèé." Kò pé oṣù mẹ́ta tí kílíà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ tó ń bá mi fọ ọkọ̀ gbé àkísà wá hàn mí. Àkísà ti di sílífà, ọkọ̀ ti di eérú.

Pẹ́ńtà ní ọ̀dà ni. Ọlọ́dà ní tínà ni. Ẹni tó ta tínà ní òjò ló ṣú lọ́jọ́ tí a fọ́n ọn. Mo gbóòórùn tínà náà fúnra mi, bíi bẹntiróòlù ló ń rùn. Ọwọ́ pẹ́ńtà mi náà ò kúkú mọ́: abẹ́ igi máńgòrò ló ti ṣiṣẹ́, ewé kan ṣì wà lábẹ́ kílíà ní bùútù mi dòní, síńgílẹ́ẹ̀tì sì ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ imú.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Wọ́n dúró sí ibodè gba tiwọn, wọ́n tún dúró sójú títì gba tiwọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí agolo, a ò rí ẹnì kan. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n fi dandan lé e: ẹni tó bá po ọ̀dà fún oníbàárà gbọ́dọ̀ fọ́n díẹ̀ sórí páànù pẹlẹbẹ kan. Kó kọ nọ́ńbà ọ̀dà, ọjọ́, àti ìwọ̀n àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dà pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kó gé e sí méjì. Ìdajì tèmi, ìdajì kó gbé e kọ́ síta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú oòrùn. Bí ti ṣọ́ọ̀bù bá ṣí bí tèmi ṣe ṣí, kó dá owó mi padà. Bí tirẹ̀ ò bá ṣí, tí ti ara ọkọ̀ ṣí, kí n lọ mú pẹ́ńtà. Ìyàwó mi tó ń ta aṣọ ẹbí máa ń gé ègé kan pamọ́ kí ti ọjọ́ mìíràn má baà yàtọ̀. Ṣé ọ̀dà ni kò ní ṣeé ṣe fún?

Kí wọ́n dín owó ibodè kù pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ àwọn pẹ́ńtà bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn wí.

Ọkùnrin Ring Road yẹn ní kí n lọ yí àwọ̀ tó wà nínú ìwé padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí ni kí n ní kí wọ́n kọ síbẹ̀? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti funfun, ilẹ̀kùn jẹ́ eérú, bùútù tí ewé máńgòrò wà nìkan ló ṣì jẹ́ sílífà.

Òǹkàwé yín,
Challenge, Ìbàdàn.