Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Fún Àwọn Ọ̀dọ́ Aránṣọ Ìbàdàn Ní Ibi Tí Wọn Yóò Ti Máa Ṣiṣẹ́

Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń gbé sítáìlì aṣọ jáde, ìlú Ìbàdàn
Sí: Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ márààrún tó wà láàárín ìgboro Ìbàdàn, àti gbogbo Kańsílọ̀ wọn
Àdàkọ: Ààfin Olúbàdàn ti ilẹ̀ Ìbàdàn

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin Kańsílọ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Olúwa yóò máa tì yín lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ló gbé wa wá síwájú yín. Àwọn tí à ń sọ ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ti gba fíríìdọ̀mù, tí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́, tí ojú wọn sì là ju tiwa lọ nígbà tí a wà ní ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò ríbi fìdí kalẹ̀ sí ní ìlú yìí. Ohun kan gbòógì ni a wá bẹ̀ yín fún. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà nínú àwọn ọjà tó wà lábẹ́ yín tó ti ṣófo, tí aláǹtakùn ń ta okùn sí. Ẹ yọ̀ǹda díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìránṣọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ yìí yóò jọ máa lò. Ohun díẹ̀ yòókù tí a ó mẹ́nu bà kò tó èyí.

Àwa tí à ń bẹ̀bẹ̀ yìí kò wá láti ìlú tí aṣọ ti wọ́n. Kò sí aṣọ tí èèyàn ń wá tí kò ní rí ní Ìbàdàn. Lésì, gínnì àti àǹkàrá kún Gbági lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ó kún Alẹ́ṣinlóyè. Aṣọ òkè wà ní Òjé, ibi tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ti ń gbé sányán, ẹtù àti àlàárì wá tà láti ayé àwọn bàbá wa. Àdìrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìbàdàndùn, ìlú wa ló ń jẹ́ lórúkọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn ìyá wa fi ń ya á, wọ́n á ti ìyẹ́ náà bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Aṣọ tó gbé àwòrán òpó rẹ̀ ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun báyìí, àwọn òyìnbó ń wọlé wò ó.

Ṣùgbọ́n Èkó ni orúkọ ti ń jáde. A kò jowú Èkó. Wọ́n tètè mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú aṣọ, wọ́n sì ṣe ètò sí i. Èkó ni ìyá wa nínú iṣẹ́ yìí, Shade Thomas-Fahm, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira, tó ń rán gèlè tí a kò ní wé mọ́, tó ń fi síìpù sí ìró kí obìnrin tó ń lọ sí ọ́fíìsì lè wọ̀ ọ́ kíákíá. Èkó ni Omoyemi Akerele ti dá Lagos Fashion Week, ọ̀sẹ̀ àfihàn aṣọ ọdọọdún, sílẹ̀ ní 2011. Ní 2025, ètò náà wà lára àwọn márùn-ún tó gba Earthshot, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń tún àyíká ṣe. Èyí tó wá dùn wá jù ni pé aṣọ tiwa ni wọ́n fi ń ṣe é. Aṣọ òkè ni Kenneth Ize, tó ń gbé sítáìlì aṣọ jáde, fi dé ìpele ìkẹyìn nínú LVMH Prize, ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé sítáìlì jáde, ní 2019, òun náà ló gbé jáde ní Paris ní 2020. Adeju Thompson tó ni ilé iṣẹ́ aṣọ Lagos Space Programme gba International Woolmark Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń fi òwú irun àgùntàn ṣe aṣọ, ní 2023, àdìrẹ sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó pé ohun tí wọ́n fi dé ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé yín, ẹ̀yin Alága. Ó wà ní Òjé níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí à ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù. Agbádá sányán tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tú. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í hun aṣọ òkè ní fífẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju bí ínǹṣì mẹ́rin ni, kí wọ́n tó rán an mọ́ra. Ọmọ yìí tú àwọn ọ̀já náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn tò ní ẹ̀gbẹ́, ó fi rán jákẹ́ẹ̀tì tí igun ọ̀já méjì pàdé ní àárín ẹ̀yìn, tí wọn kò fi òwú kan yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àwa àgbà tí a ti ń ránṣọ tipẹ́ gbé e sókè, a yí i wò. Ṣùgbọ́n bí a bá gé aṣọ òkè ní ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí a kò bá tètè fi máṣíìnì wífìn dí i, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà kò ní wífìn. Ó ń di aṣọ sínú báàgì, ó ń gun ọ̀kadà lọ bá ẹlòmíràn tó ní, ó ń sanwó lórí etí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá débẹ̀ tí kò síná, yóò jókòó dúró tàbí kí ó gbé e padà bọ̀ wálé. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ibi tí igun mẹ́rin ti pàdé ti ki ju ohun tí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lè gún lọ. Máṣíìnì ńlá ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́.

Ọmọbìnrin kan náà wà, Ìbàdàndùn ló ń lò fún kàbà. Bí ó ṣe ń dá a ni pé òpó Mápó yóò dúró ṣánṣán lórí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Kò ní já ní ìbàdí, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìṣẹ́tí aṣọ. Kò sí ẹni tó lè ṣe èyí láì kọ́kọ́ tẹ́ gbogbo aṣọ sílẹ̀, abala méjì tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì ààbọ̀, kí ó fi ojú wọn òpó kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Ṣọ́ọ̀bù tó háyà kò gba tábìlì tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti ń dáṣọ, lálẹ́, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti wọlé sùn. Àwọn oníbàárà ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Instagram, wọ́n ń pè é láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí a bá òun bẹ Ọlọ́run, òun ń gbèrò àtilọ sí Èkó. Kí ni a fẹ́ sọ fún un? A kò lè sọ pé kí ó má lọ nígbà tí a kò ní ibì kan tí a lè nawọ́ sí pé, "Wò ó, jókòó síbí."

Owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé owó iṣẹ́ yìí ga jù. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní abẹ́ náírà 200 lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kó máa wà fún ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti náírà 68 sí 225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Aránṣọ tó ti pẹ́ níṣẹ́ ń fi orúkọ àti oníbàárà àtijọ́ gbé e. Ọmọ tó gba fíríìdọ̀mù ní oṣù tó kọjá ńkọ́? Owó tó yẹ kí ó fi ra òwú ń lọ sínú jẹnẹrétọ̀.

Nítorí náà, bí gbọ̀ngàn náà ṣe yẹ kí ó rí lójú tiwa nìyí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wó ògiri àárín wọn. Kí a gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé, nítorí pé ọ̀sán ni iṣẹ́ wa, oòrùn Ìbàdàn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kí máṣíìnì ńlá wà níbẹ̀, kí wífìn wà, kí èyí tó ń lu ihò bọ́tìnnì náà wà, àti tábìlì gígùn méjì tí aṣọ lè tẹ́ sí dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò san owó kékeré lórí wákàtí, owó yẹn la ó sì máa fi tún máṣíìnì ṣe. A kò fẹ́ kí ẹ fún ẹnikẹ́ni ní máṣíìnì lọ sílé. A ti rí èyí rí: wọn á pín máṣíìnì, wọn á ya fọ́tò, oṣù mẹ́ta kò ní pé tí ẹni tó gbà á yóò ti tà á nítorí àìsàn ọmọ tàbí owó ilé. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, tí akọsílẹ̀ rẹ̀ wà, tí alámòójútó ń bẹ lórí rẹ̀, ni yóò pẹ́.

A mọ̀ pé ẹ lè bi wá pé kí ló kan ìjọba ìbílẹ̀ nínú èyí. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi dídá ọjà sílẹ̀ àti àbójútó ọjà sí ọwọ́ yín. Ó tún ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ohun tí ẹ̀yin àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ní láti gbé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Inú wa dùn sí ìdájọ́ yẹn, ìdí sì nìyí tí a fi kọ ìwé yìí sí yín, tí a kò kọ ọ́ sí Àbújá.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa náà wà níbẹ̀. A kò sọ pé a kò ní san. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 lórí owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà ka owó ṣọ́ọ̀bù àti owó pátákó mọ́ tiyín, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni àwọn tó ń gba owó lóríṣiríṣi, tí ìwé ọwọ́ ẹni ìkíní kò jọ ti ẹnì kejì. Òmíràn yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọmọ tó ní aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́la nínú ilé. A kò ní dárúkọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ bá wa ṣe é kí ìwé owó jẹ́ ẹyọ kan lọ́dún, kí owó máa wọ àpò ìjọba ní báńkì. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ fi owó ọdún kìíní ji àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù. Ẹgbẹ́ yóò kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí yín kí ẹnikẹ́ni má baà fi èrú wọ̀ ọ́.

Ẹ tún bá wa wá ọjọ́ kan lọ́dún fún Mápó, kí àwọn ọ̀dọ́ yìí kó iṣẹ́ wọn jáde níwájú ìlú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Gbági yóò wá, àwọn ahunṣọ yóò wá láti Ìṣẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá láti Yunifásítì àti Pólì. Kí aṣọ tí òpó Mápó wà lára rẹ̀ rìn kọjá láàárín àwọn òpó náà gan-an. Ó wù wá débi pé a ti ń bá ara wa sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé. Kì í ṣe ariwo àti ọtí ni à ń wá. Àga, iná, àti àwọn tó fẹ́ rajà ti tó.

Tiwa tí a ó ṣe nìyí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò máa lọ sí gbọ̀ngàn náà ní ìyíwọ́pò, láìgba kọ́bọ̀, láti kọ́ àwọn ọmọ ní dídá agbádá àti kẹ̀m̀bẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn mọ sítáìlì tuntun ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń wọn apá agbádá tí yóò balẹ̀ tí kò ní fa ọrùn. Ẹgbẹ́ yóò san owó ẹ̀ṣọ́. A ó máa mú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde wá fún yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Kańsílọ̀ tí ẹ bá yàn yóò sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o.

A bẹ̀ yín kí ẹ dá ọjọ́ fún wa kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Àwa mẹ́fà la ó wá, pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè. Wọn yóò mú jákẹ́ẹ̀tì àti kàbà náà lọ́wọ́, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. A ó sì mú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo sí wá, ọjà dé ọjà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága Ẹgbẹ́
Ìyálóde Ẹgbẹ́
Akọ̀wé
Akápò
Aṣojú àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ
Aṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́