Ẹ Fún Àgbà Tó Ń Gbàgbé Ní Ìwé àti Gègé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá fínra, tí a ń sọ pé wọ́n ń ṣarán, tí àwọn aláìmọ̀kan tilẹ̀ ń pè ní àjẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà àti ní ibi kan náà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ gbà lọ, nígbà tí ìṣe tó ti mọ́ni lára máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀pọ̀ àgbà Èkìtì ló fi iṣẹ́ tíṣà jẹun, gègé kò sì ṣàjèjì sí wọn. Màmá kan ládùúgbò wa máa ń jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á kọ déètì sókè, wọ́n á wá kọ ọ́ pé: “Mo ti jẹ iyán. Mo ti lo oògùn. Àkọ́bí mi pè láti Adó.” Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń bínú pé ebi ni wọ́n fi ń pa àwọn, ọmọ wọn á ṣí ìwé náà, wọ́n á ka ìkọ̀wé ara wọn, ìjà á sì rọlẹ̀.

Ìwé kò wo àrùn yìí sàn, ẹ má ṣe torí rẹ̀ pa ilé ìwòsàn tì. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ọmọ tó ń sọ ọ́ di ìdánwò, tí wọ́n ń tún sípẹ́lì ṣe, tí wọ́n ń ní, “Màámi, Ọjọ́rú kọ́ lòní.” Bó bá jẹ́ ìgbà èwe wọn ni àwọn àgbà náà ń kọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì níbí, wà lára àwọn tó dá ìwádìí sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà; àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn tó ń kó o kéré ní Ìbàdàn, àmọ́ wọ́n wà.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́, kó sì kà á sí i létí. Mo rọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé oṣooṣù wọn, kí wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì kan wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.