Ẹ má gbin ewédú yín tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lóko kò lè jèrè nídìí ọ̀gbìn. Ìdajì pulọ́ọ̀tì ni tèmi, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, owó ẹ̀fọ́ sì wà nínú owó tí ọmọ mi méjì fi kàwé ní LAUTECH.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fọ́n ewédú sí gbogbo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan, nínú oṣù Karùn-ún. Gbogbo rẹ̀ tó fà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kó o dé Ọjà Jagun, ewédú ti kún ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ewé ti rọ, iye tó wu àwọn alágbàtà ni wọ́n dá lé e. Ẹkún ni mo sun délé.

Báyìí, bẹ́ẹ̀dì méjìlá ni mo pín ilẹ̀ náà sí, méjì ni mo sì ń gbìn lọ́sẹ̀. Bí mo bá ń gbin tòní, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ti tó kó lọ sọ́jà. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni mò ń dà sí i, torí tútù rẹ̀ a máa jó irúgbìn. Ṣọkọ ní tirẹ̀, mi ò kí ń fà á tu, ọ̀bẹ ni mo fi ń gé e, á tún rúwé.

Kóró ewédú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Mo máa ń dì í sínú aṣọ tó mọ́, n ó rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, n ó ka oókan dé ẹẹ́wàá, n ó yọ ọ́ kíá, n ó tì í bọ omi tútù. Tí ara rẹ̀ bá gbẹ lábẹ́ ibòji, n ó pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà kó jọ sójú kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an lowó wà. Láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń fami nínú kànga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọwọ́ mi a sì máa bó. Ṣùgbọ́n owó ìdì mẹ́ta ìgbà òjò ni ìdì kan ń pa fún mi nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pulọ́ọ̀tì láàárín ìlú, tí igbó àti ìdọ̀tí bò ó, tí ẹ ò tíì ṣetán àtikọ́lé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí aládùúgbò yín gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe máńgòrò tàbí káṣú tí yóò di ọ̀rọ̀ ogún. Ọjọ́ tí bíríkìlà yín bá fẹ́ dé, ẹ sọ fún aládùúgbò náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, yóò kó ewé rẹ̀ kúrò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́,
Ògbómọ̀ṣọ́.