Lórí CV àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa

Sí Olóòtú,

CV tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kó sínú fáìlì iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí fọ́ọ̀mù ìjọba: ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ló béèrè? Kí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó dé ibi tí iṣẹ́ wà, ó ti sú u.

Ojú ewé kan tó akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì lókè, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ lọ́wọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tó ti fọwọ́ ṣe. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oṣù 4 ni akẹ́kọ̀ọ́ ND ní poli fi ń ṣe SIWES, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, ó sì ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sínú logbook. Tó bá wá di ti CV, "Mo ṣe SIWES" nìkan ló máa kọ! Kó ṣí logbook náà, kó ṣa iṣẹ́ 3 tó ní iye nínú. "Mo bá wọn ṣe iṣẹ́ iná" kò sọ nǹkan kan. "Mo fa wáyà sí yàrá 4, mo so sọ́kẹ́ẹ̀tì 12, mo sì fi mítà yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò" ti fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ hàn. Kí fọ́tò iṣẹ́ náà wà nínú fáìlì, kí déètì rẹ̀ sì bá ti CV mu. Ibi tí déètì bá ti takora, irọ́ ni wọ́n máa kà á sí.

PDF ni kó fi ránṣẹ́. Ìlà Word máa ń dàrú lórí fóònù ẹlòmíì.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́,
Ìbàdàn