Káyọ̀dé, Má Wá Ẹni Tó Ṣe É

Òmù-Àrán

Káyọ̀dé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé kò burú. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, wọ́n ti kàn án padà. Kajú kò so dáadáa lọ́dún yìí. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ẹnu ni kò dùn ún, nítorí náà ó ń pàṣẹ bó ṣe máa ń pàṣẹ. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kò wọlé mọ́, mi ò sì bínú sí ìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni yóò ti rí i?

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní o ń lọ sórí òkè kan, pé wòlíì ibẹ̀ sọ fún ọ pé obìnrin àgbà kan nílé bàbá rẹ ló de iṣẹ́ rẹ mọ́lẹ̀. Obìnrin àgbà wo? Màmá Òkè nìkan ló kù nínú wọn. Màmá Òkè tó pọ̀n ọ́. Háà, Káyọ̀dé.

Ìbéèrè pé ta ló ṣe é kì í ṣe tuntun. Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ta ló ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe òbí rẹ̀. Kí iṣẹ́ Ọlọ́run lè hàn lára rẹ̀ ni. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà jókòó tì í fún ọjọ́ méje tọ̀sán-tòru láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n lanu wá ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á ni wọ́n bà á jẹ́, tí Ọlọ́run fi bínú sí wọn ní orí 42. Jóòbù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Títí ìwé náà fi parí, ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́run ní orí kìíní fún un. Ó rí Ọlọ́run, kò rí àlàyé.

Wòlíì tó bá dárúkọ iye, dìde níbẹ̀. Náámánì tó wá gba ìwòsàn ẹ̀tẹ̀ kó fàdákà àti wúrà wá, wòlíì Èlíṣà kọ̀ ọ́; Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ tó sáré lọ gbà nínú rẹ̀ ló kó ẹ̀tẹ̀. Jákọ́bù 5 ní kí aláìsàn pe àwọn alàgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n fi òróró pa á lára. Kò sí owó àbẹ́là níbẹ̀, kò sí owó àgbò.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn Jósẹ́fù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sáré kọjá ẹ̀wọ̀n. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ 30 ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, pé ibi ni ẹ rò sí mi ṣùgbọ́n Ọlọ́run rò ó sí rere, ẹ̀yìn ikú bàbá rẹ̀ ló tó sọ ọ́, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 50. Nínú ẹ̀wọ̀n, ohun tó sọ ni pé kí agbọ́tí ọba tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ bá òun dé ọ̀dọ̀ Fáráò, kí òun lè kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, wíwá iṣẹ́ kiri àti bíbẹ èèyàn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Agbọ́tí gbàgbé rẹ̀ fún odindi ọdún méjì. Ìyẹn náà wà nínú Bíbélì, kí o má bàa rò pé orí rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo orí 40, ẹsẹ 6 àti 7: láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ojú agbọ́tí yẹn àti ẹlẹ́wọ̀n mìíràn fà ro, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tó dé. Ẹlẹ́wọ̀n tó ní ìṣòro tirẹ̀ ló ń bèèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ìdí tí ìyà fi dé lè pẹ́ kó tó yé ọ, ó sì lè má yé ọ rárá. Ohun tí o lè ṣe nínú rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Ta ni iṣẹ́ tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ládùúgbò yín? Lọ kí i.

Ṣé òótọ́ ni pé o ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ? Ìwọ tó ní ọgbẹ́ inú? Ṣé orí rẹ pé ṣá? Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, Ọlọ́run ò kọ́kọ́ bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì jí i fún àkàrà àti omi. Ó tún sùn, ó tún jí i fún oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn, lẹ́yìn ìrìn ni ọ̀rọ̀. Lo oògùn rẹ bí dókítà ṣe wí, kí o jẹun lásìkò. Bí o bá fẹ́ gbààwẹ̀, yẹra fún ẹran tàbí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ààwẹ̀ ni ìyẹn náà.

Bí àdúrà kò bá ṣe é gbà, mú ìwé àti bírò, ṣí Orin Dáfídì 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Méjì àkọ́kọ́, ẹ̀hónú ni: yóò ti pẹ́ tó? Kọ tìrẹ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, owó ilé, ìtìjú, ọ̀gá tó lé ọ. Méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ ni, béèrè ohun kan pàtó, má kàn kọ “Olúwa bùkún mi.” Méjì tó kù ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Wọ́n á fi orin ìyìn bo ẹkún mọ́lẹ̀, ẹkún á di ìbínú, ìbínú á máa wá Màmá Òkè kiri. Bí ẹsẹ karùn-ún kò bá tíì wá, má purọ́, dúró níbi tí o dé. Inú òkùnkùn ni Orin Dáfídì 88 parí sí, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Èmi ni mo kọ́ yín pé ẹ̀rí ayọ̀ nìkan là ń gbé wá síwájú ìjọ, kí ẹni tó bá ń sunkún wà nílé. Bóyá ohun tó jẹ́ kí o gbé tìrẹ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ìyá Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí lóru. Nígbà tí ogun kó ọmọ rẹ̀ ní Òṣogùn lọ́dún 1821, bí ẹnì kan bá sọ fún un lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́run ní ètò, pé ọmọ yìí ni yóò di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí yóò túmọ̀ Bíbélì, ìkà lonítọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Èmi ò ní irú agbára yẹn o. Bí o kò bá ní owó ìpè, kàn fìláàṣì mi.

Mo fi gààrí àti èlùbọ́ rán awakọ̀, yóò pè ọ́ tó bá dé Ọjọ́ọ̀tà. Màmá Òkè ló bó iṣu èlùbọ́ náà, òun ló sá a. Fi ro àmàlà, kí o jẹ ẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.